Orúkọ Tí Àwọn Ìyàwó Ilé Sọ Ignatius

Ọláṣẹ̀hìndé mọ ìròyìn bọ́ọ̀lù kọ, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù nìkan kì í tó o. Bó bá ń ròyìn ìdíje, á fẹnu kan ìjọba, á pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí wọ́n ṣe ń já ìwé ìròyìn náà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ n'Ílọrin. Nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, ọ̀gá rẹ̀ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìlú le, tí àwọn sójà sì padà dé, ọ̀gá ní kó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù. Etí ikún ló kọ sí i.

Lọ́dún 1985, ilé ìwé kan l'Ọ́mù-Àrán àti àwọn ará Òrò jọ gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ. Ignatius, ẹ̀gbọ́n Ọláṣẹ̀hìndé nínú agboolé kan náà, ni tíṣà tó kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀mù-Àrán ní bọ́ọ̀lù. Kọmíṣánnà sójà tó fẹ́ ta bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Oòrùn pa àwọn ọmọ náà títí tí ọ̀kan fi dákú. Inú bí Ignatius.

"Mọ́tò mọ́kànlá ló sin ẹnì kan ṣoṣo wá síbí," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ilé ìwé wa, bọ́ọ̀lù kan la ní, òun náà ti di alábùlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọláṣẹ̀hìndé. Ó gbé e sínú ìròyìn, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ lé e. Ó rò pé òun gbọ́n: dípò Ignatius, ó kọ Eyínfúnjowó, orúkọ tí àwọn ìyàwó agboolé wọn sọ ọ́, torí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ta ni yóò mọ ìyẹn n'Ílọrin? Ó gbàgbé pé àwọn ìyàwó ilé wọn ò jókòó sílé mọ́. Fulera, ọ̀kan nínú wọn, ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kọmíṣánnà. Bó ṣe rí orúkọ náà, ó pariwo, "Áà, ọkọ mi rèé nínú ìwé ìròyìn!" Kò ní aburú kankan lọ́kàn. Ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ọkọ rẹ̀ yìí ló ní.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti lé Ignatius kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe. Wọn ò fọwọ́ kan Ọláṣẹ̀hìndé. Ọ̀gá rẹ̀ ti búra fún wọn pé bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò máa kọ.

Ọláṣẹ̀hìndé wọ mọ́tò lọ sí agboolé wọn. Eunice, ìyàwó Ignatius, ló bá níta. Akọ̀wé ni Eunice ń pè é látọjọ́ tó ti wọlé wọn, á sì kúnlẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ yìí, kò kúnlẹ̀.

"Ọláṣẹ̀hìndé," ó ní, "ẹni tí ẹ ń wá wà nínú ilé."

Kò sí ìyàwó ilé tó pe orúkọ yẹn sí i lójú rí. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ káyé mọ ohun tójú àwọn ọmọ náà rí ni."

"Dìde. Ṣé o lè kọ ọ́ pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ò ní gbà, ẹ̀gbọ́n."

Ignatius mi orí. Ó na ìwé ìròyìn kan sí i. "Àwọn ọmọ náà ló rà á. Orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, tí wọ́n ń wá orúkọ wọn. Àfísù tó ń ṣọ́ góòlù fún wa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló borí lọ́jọ́ náà?"

Ọláṣẹ̀hìndé wo ìròyìn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èsì ìdíje náà kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀yin... ẹ̀yin lẹ borí."

"Góòlù mélòó?"

Kò rántí.

Ignatius, tí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, ló dáhùn fúnra rẹ̀. "Mẹ́ta sí òdo," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.