Ilé Bàbá Mi Láàárín Ìràwọ̀

Èmi ò bẹ̀rù iwin o. Ẹni tó mọ gbogbo ìṣó tó wà nínú ògiri, tó mọ ibi tí okùn tó ń ṣí ilẹ̀kùn gbà kọjá, kí ni iwin fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, níbi tí wọ́n ti ń ya eré àwọn èèyàn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú sánmà, tí wọ́n ń rìn láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn. Ọkọ̀ yẹn, èmi ni mo kàn án. Pákó lásán ni, ọ̀dà fàdákà ni mo fi bò ó láṣìírí. Àwọn ọmọdé tó ń wò ó nílé rò pé irin ni. Ẹ má sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ kan, adarí eré wa sọ pé òun fẹ́ ya apá kan tó máa dẹ́rù ba èèyàn. Ó ní àwọn ará ọkọ̀ máa rí ilé kan tó dá dúró láàárín òfurufú, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, kò sí aládùúgbò, iná sì ń tàn nínú ẹ̀. Wọ́n á wọlé. Ilẹ̀kùn á máa ṣí fúnra ẹ̀, iwin bàbá arúgbó kan á sì jókòó sí pálọ̀, á máa wò wọ́n.

"Irú ilé wo lẹ fẹ́?" Mo bi í.

"Ilé tó jẹ́ pé téèyàn bá wọ̀ ọ́, ara ẹ̀ á sọ fún un pé ẹnì kan ti ń gbé ibẹ̀," ló wí. "Ìwọ ṣáà kọ́ ọ, mo fọkàn tán ẹ."

Ọ̀rọ̀ dùn ún sọ lẹ́nu ẹni tí kì í di òòlù mú. Mo ya ilé títí, gbogbo ẹ̀ ń jọ ilé ìfowópamọ́. Nígbà tó sú mi, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi máa ṣe ohun tó wù ú. Ilé bàbá mi lọ́wọ́ mi kọ́.

Bíríkìlà ni bàbá mi nígbà tí ara ẹ̀ ṣì le. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí, kí ìjọba tó wó o torí títì. Mo mọ ilé yẹn débi pé mo lè dijú rìn ín já. Pálọ̀ ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ògiri jẹ́ àwọ̀ ewé títí dé àyà èèyàn, ó wá funfun lókè. Igun kan wà tó wọ́ díẹ̀, torí pé òjò ká a mọ́ ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ń rẹ́ ẹ. Fèrèsé tí ìyá mi máa ń fara tì, tó bá ń retí wa láti ilé ìwé, náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo fi pákó kàn, títí kan igun tó wọ́. Ògiri mẹ́ta péré ló ní o, torí pé ibi tó yẹ kí ìkẹrin wà ni kámẹ́rà máa ń dúró sí. Lẹ́yìn fèrèsé, níbi tó yẹ kéèyàn ti rí igi àti ọ̀nà, mo ta aṣọ dúdú ńlá kan, mo ya ìràwọ̀ sí i lára, nítorí òfurufú nilé wà.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà yẹn kì í ṣe iwin rárá. Bàbá mi ò dá mi mọ̀ mọ́. Àìsàn ìgbàgbé ló mú un. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀, èmi ni mò ń bu omi fún un, síbẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò ló ń kí mi. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyáàfin," á wí, "ẹ ṣeun tíì." Èmi tó máa ń gbé sí èjìká lọ síbi iṣẹ́! Ó ń dùn mí dé egungun. Inú a máa bí mi nígbà míì, mo sì máa ń pariwo mọ́ ọn: "Bàbá, èmi ọmọ yín ni!" Á rọra rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tiyín náà tọ́jú yín."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé ní ìlú òkèèrè, tí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ní òun máa wá mú bàbá lọ. Ó tọ̀nà, ẹnu mi ò sì gbà á láti jiyàn. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tá a máa ya apá iwin yẹn ni wọ́n máa lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí bàbá mi pè mí ní ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kó tó wọ ọkọ̀. Bí mo ṣe mú un dání lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ tó kù yẹn lọ síbi tí mi ò sí.

Mo fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá Alátíkè, ìyẹn obìnrin tó máa ń kun ojú àwọn òṣèré. "Bàbá, ẹ má kúrò níbí o," mo ní, mo sì lọ wo ilẹ̀kùn kan tí kì í dún nígbà tó yẹ kó dún. Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Alátíkè ń retí bàbá òṣèré tó máa ṣe iwin, kò sì rí onítọ̀hún rí. Ó yọrí síta, ó rí arúgbó tó jókòó jẹ́ẹ́, ó ní, "Háà, bàbá, ẹ ti dé! Ẹ wọlé, ẹ wọlé." Bàbá mi rèé, tí wọ́n bá ní kó wọlé, á wọlé. Obìnrin yẹn fi àtíkè kùn ún lójú títí ó fi funfun, ó wọ aṣọ funfun fún un, bàbá mi sì ń ṣàdúrà fún un. Ó rò pé wọ́n ń gẹrun fún òun ni.

Kí n tó padà dé, bẹ́ńṣì ti ṣófo. Mo sáré wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sáré dé géètì, mo ń ké "Bàbá! Bàbá!" Bàbá tí kì í ṣe tèmi ló dá mi lóhùn: arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tó ń làágùn, tó ń bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń ṣe iwin. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo kó ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó di gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ya eré.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín ti bo ilẹ̀, iná aláwọ̀ omi aró sì ń rọra tàn, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ilé wa dúró nínú èéfín yẹn, kò kanlẹ̀, kò kan òkè. Èmi tí mo kàn án, mi ò rí ìṣó kan níbẹ̀ mọ́. Mo ń gbóòórùn ilé wa. Mo mọ̀ pé ọ̀dà àti pákó tútù ló yẹ kí n máa gbóòórùn, àmọ́ ilé wa ni mò ń gbóòórùn. Bàbá mi sì wà láàárín pálọ̀, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rọra rìn kiri.

Òṣèré obìnrin tó ń ṣe olórí àwọn ará ọkọ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ àti ìbọ̀wọ́ fàdákà ẹ̀. Ọ̀gá Ọkọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, kódà nídìí oúnjẹ. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ: "Ta ni ẹ̀yin? Kí lẹ ń wá nínú ilé yìí?"

Bàbá mi wò ó. "Kí ni mò ń wá kẹ̀? Ilé mi nìyí. Ìwọ lo wọlé láìkanlẹ̀kùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú eré. Mo rí adarí tó ń juwọ́ sí àwọn oníkámẹ́rà pé kí wọ́n máa yà á lọ, inú ẹ̀ ń dùn. Bàbá mi fi ìka kan ògiri, ó dún bí àpótí. "Ta ló fi pákó ṣe ògiri mi?" ló wí. "Àwọn èèyàn yìí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí. Ó wá dé ibi igun tó wọ́. Ó fọwọ́ pa á láti òkè wá sílẹ̀, ó mirí. "Òjò ọjọ́ yẹn," ló ní. "Ojú ò tiẹ̀ tì í."

Ó mọ ilé. Ó mọ ilé wa!

Ó dé fèrèsé, ó rí ìràwọ̀ tí mo yà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. "Háà," ló wí, "ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ mi ò sì tíì dé."

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá òṣèré já wọlé, tó ń pariwo pé ta ló gba iṣẹ́ òun. Alátíkè káwọ́ lérí. Adarí ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, kí wọ́n mú arúgbó tó wà nínú pálọ̀ jáde wéréwéré, torí iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Wọ́n fà á lọ́wọ́, ó di àga mú. "Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ lóru yìí?" ló bi wọ́n. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń sun páànù lórí wa. Àmọ́ ó na ìka sí fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó lè jà á níyàn, èmi ni mo sọ ibẹ̀ dòru.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní. "Bàbá mi ni."

"Bàbá tìẹ?" Adarí ya ẹnu. "O ò ṣe sọ̀rọ̀?"

"Ta lẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Ẹ lọ jẹun. Tẹ́ ẹ bá tún fà á lọ́wọ́, ẹ máa wá ẹlòmíì tó máa bá yín kan ọkọ̀." Ó mọ̀ mí, kò bá mi fa ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn tú jáde. Ọ̀gá Ọkọ̀ nìkan ló kù, torí bàbá mi ti ní kó jókòó, kó yéé dúró lé òun lórí, ó sì ti jókòó.

Mo gba ibi tí kò sí ògiri wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tó ti mọ ilé, á mọ ọmọ ilé. "Bàbá," mo ní, "èmi nìyí."

Ó wò mí lójú dáadáa. "Ẹ káalẹ́, ìyáàfin," ló wí. "Ẹ dìde, ẹ jókòó. Ọmọbìnrin mi lẹ wá rí, àbí? Kò ní pẹ́ dé."

Ọkàn mi bàjẹ́. Kí n má purọ́, inú tún bí mi. Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ ẹ̀, mo ní, "Irú ọmọ wo tiẹ̀ ni ọmọ yín yìí?"

"Ọmọ yẹn?" Ojú ẹ̀ tàn. "Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Tínú bá bí i, ẹ sá. Àmọ́ ọmọ gidi ni. Kò sí ibi iṣẹ́ tí mo lọ tí mi ò fi í yangàn." Bàbá mi ò sọ irú ẹ̀ sí mi létí rí láyé mi. Ó wá fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Nǹkan ń sọnù mọ́ mi lórí. Àwọn obìnrin máa ń wọlé tọ̀ mí wá, mi ò sì mọ èwo ni ọmọ mi nínú wọn. Mo máa ń rí i lójú ẹ̀ pé ó ń dùn ún. Mi ò fẹ́ kó dùn ún mọ́. Tó bá ti wọlé, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn mí lórúnkún, kí n lè tètè pè é, kó má baà mọ̀ pé mo gbàgbé."

Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo mọ́ ọn, ó ń wo ojú mi. Ọ̀gá Ọkọ̀ ti ń sunkún, àtíkè ojú ẹ̀ ti bàjẹ́. A wo ara wa. Ó gbé àga ẹ̀ sún mọ́ bàbá mi.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó lọ́nà," mo ní fún bàbá mi. Mo gba ẹnu ọ̀nà tí mo kàn fúnra mi jáde, mo sì pa á dé. Ẹ̀yìn ilé yẹn, pákó gbígbẹ ni, okùn àti ìṣó ló kún ibẹ̀. Mo dúró sáàárín wọn, mo fi etí aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn náà mo kanlẹ̀kùn, mo ṣí i.

"Ẹ kú ilé o!"

Mo rí ọwọ́ Ọ̀gá Ọkọ̀, nínú ìbọ̀wọ́ fàdákà, tó kan orúnkún bàbá mi. Ó gbójú sókè. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọ mi!" ló ké. "Ọmọ mi ti dé! Níbo lo wà látàárọ̀? Mo ti ń dúró dè ẹ́."

Mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ tó kàn án ló sọ fún un. Kò dùn mí rárá. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn, àtíkè ojú ẹ̀ kùn mí lára, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pẹ́."

"Kò burú," ló wí, ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Lọ tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."