Oyèníkẹ́ Kọ Mọ́tò Nínú Aṣálẹ̀

Nígbà tí Oyèníkẹ́ Ọláníyọnu sọ pé òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá, ẹ̀rín ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi dá a lóhùn. Irun ló ń ṣe ní Steilshoop, ní Hamburg. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń dúró lẹ́yìn àga oníbàárà, ó ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún, kò sì gun kẹ̀kẹ́ rí.

"Àǹtí Oyè, ẹ má bínú o," ni Bukky, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí. "Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá ló máa gbé yín ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ máa gùn ún?"

"Èmi gan-an ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Tiwalọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Oyèníkẹ́ bí, ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Berlin, ó sì ń gbé ní Märkisches Viertel. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè. Òun àti Jasmin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣètò láti lọ sí Namibia, níbi tí afinimọ̀nà kan ti máa ń kó àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá títí dé òkun. Ṣùgbọ́n Jasmin lóyún, kò sì lè lọ mọ́. Tiwalọlá wá ń ráhùn lórí fóònù pé òun ò rí ẹni tí àwọn máa jọ lọ.

"Èmi ńkọ́?" ni Oyèníkẹ́ wí.

"Mama, ẹ ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

"Ṣé orí kẹ̀kẹ́ ni mo bí ìwọ sí ni?"

Ká sòótọ́, kì í ṣe aṣálẹ̀ ló wà lọ́kàn ìyá yìí. Láti ìgbà tí ọmọ ti kó lọ sí Berlin ni ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ti ń tín-ín-rín sí i. "Ẹ káàárọ̀, Mama. Alles gut, gbogbo nǹkan dára. Mo ti dé ibi iṣẹ́." Ó tán. Bí aṣálẹ̀ bá máa fún un ní ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, Oyèníkẹ́ ṣe tán láti wọ aṣálẹ̀.

Báyìí ló di pé ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tó wà ní Tempelhof ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú lọ rẹrẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbá ọ. Àwọn ọmọ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lẹ́nu wọn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀ fìrì. Tiwalọlá di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

"Mama, ẹ wo iwájú! Ẹ má wo ilẹ̀!"

"Ilẹ̀ ni mo máa bọ́ sí, o wá ní kí n má wò ó?"

Ó sì bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Orúnkún rẹ̀ bó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ní ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Tiwa! Má fi mí sílẹ̀ o!"

"Mo ti fi yín sílẹ̀ tipẹ́!"

Ni Oyèníkẹ́ bá figbe ta. Igbe ìbẹ̀rù ló fi bẹ̀rẹ̀, igbe ayọ̀ ló fi parí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ní Hamburg, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, yóò ti gun kẹ̀kẹ́ yí adágún omi Bramfeld ká, òjò ìbáà máa rọ̀. Nígbà tí ooru mú, òun àti Tiwalọlá lọ sí Fischbeker Heide ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí òkè wà tí ilẹ̀ sì jẹ́ iyanrìn, ó sì ń gùn ún, ó ń ṣubú, ó ń gùn ún.

Nígbà tí wọ́n dé Namibia, Tangeni ni afinimọ̀nà wọn, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pariwo. Meme ló ń pe Oyèníkẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lédè wọn. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kó lè tẹ̀ lórí iyanrìn, àti pé kí wọ́n má fi agbára di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Mọ́tò kan ń tẹ̀ lé wọn, ó gbé omi àti ẹrù wọn.

Mọ́tò yìí ló wá di ìṣòro. Àárọ̀ dára fún Oyèníkẹ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ iṣẹ́, á sì wọ mọ́tò kó gbé e ṣáájú lọ sí àgọ́. Bí àwọn yòókù bá fi máa dé pẹ̀lú iyanrìn lójú, á ti wẹ̀, á ti jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí Tiwalọlá ń sọ fún Mia, obìnrin Jámánì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, pé mọ́tò ni Mama máa ń bá bọ̀. Ọmọ náà kò fi ṣẹ̀sín, bí ó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́. Ohun tó dun ìyá nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa gun òkè tó ga jù lọ, afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iyanrìn láti àárọ̀. Wọ́n ń la odò kan tó ti gbẹ kọjá nígbà tí mọ́tò rì sínú iyanrìn. Gbogbo wọn wa ilẹ̀ títí, kò yọ. Awakọ̀ bá àwọn ará àgọ́ tó wà níwájú sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

"Àgọ́ wà lẹ́yìn òkè yẹn," ni Tangeni wí. "Ẹni tó bá rẹ̀ lè dúró ti awakọ̀. Omi wà, oúnjẹ wà." Ó yíjú sí Oyèníkẹ́. "Meme, ibòji igi yìí dára."

Oyèníkẹ́ wo igi náà. Ibòji rẹ̀ dára lóòótọ́, ì bá sùn níbẹ̀ fọnfọn. Ó mú àṣíborí rẹ̀, ó dé e.

"Tiwa, bu omi sí ìgò mi."

"Mama, ẹ jọ̀ọ́. Òkè yẹn ga."

"Mo rí i. Ojú mi ò fọ́."

Ni wọ́n bá gbéra. Afẹ́fẹ́ ń fi iyanrìn na ojú wọn bí ẹni ń fi pàṣán nani. Mia sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Oyèníkẹ́ ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú, lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó sínú iyanrìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tiwalọlá ṣẹ́rí padà wá bá a.

"Mama, ẹ jẹ́ ká padà sídìí mọ́tò. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí."

"Gbọ́, ọmọ yìí. Ṣé o rí mi rí kí n di irun ẹnìkan dé àbọ̀, kí n ní kó máa lọ?"

Tiwalọlá bú sẹ́rìn-ín títí iyanrìn fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó fa ìyá rẹ̀ dìde. Kò tún ṣáájú ìyá rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́, ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú jíà tó rọrùn jù lọ. Òkè náà kò ní òpin. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọmọ náà kàn dédé sọ̀rọ̀.

"Mama, ẹnìkan wà o."

"Ẹnìkan wà níbo?"

"Ẹni tí mò ń fẹ́. Níyì lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ní Spandau."

Oyèníkẹ́ fẹ́ béèrè ọmọ ibo ni, ṣùgbọ́n èémí kò jẹ́. "Dúró, jẹ́ kí n mí ná. Ó yá, máa sọ ọ́ lọ, mò ń gbọ́."

Tiwalọlá sọ ọ́. Ó sọ ti Níyì, ó sọ ti iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá rẹ̀ ní Berlin ṣe máa ń kó àárò ilé bá a. Ọ̀rọ̀ ọdún mélòó kan ló ń jáde lójú kan, ìyá sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́, ó ń sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n", "ẹ̀n-ẹ́n". Ìgbà tó gbójú sókè, ojú ọ̀run ló rí níwájú, kò rí òkè mọ́.

Àwọn tó ti ṣáájú dé orí òkè hó yèè. Tangeni ṣí fìlà, ó tẹrí ba. "Meme," ló wí.

Oyèníkẹ́ kò tilẹ̀ dúró pẹ́. Ó mu omi, ó wo ìsàlẹ̀ lódìkejì, níbi tí àgọ́ funfun wà ní kékeré, ó sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rọ̀ mọ́ bíréèkì. Afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ó wú bí àsíá. Ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ ò sì já geere, kò bìkítà.

Kò wọ mọ́tò mọ́ títí ìrìn àjò náà fi parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kùrukùru bò wọ́n, wọ́n ń gbóòórùn iyọ̀. Wọ́n gun òkìtì iyanrìn kan, òkun sì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn gbàràgàdà. Oyèníkẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú omi, ìgbì lù ú dé orúnkún. Ó pe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí fídíò.

"Àǹtí Oyè! Omi wo lẹ wà nínú rẹ̀ yẹn?" ni Bukky ké.

"Òkun ni! Òun náà ló ń lu etíkun Èkó. Mo gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, Bukky!"

Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Ẹni tí wọ́n ń fọ irun rẹ̀ fò dìde pẹ̀lú ọṣẹ lórí, wọ́n ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé bàbá Jámánì tó ń gbé lókè wá ń kanlẹ̀kùn pé kí ló dé. Bukky ṣílẹ̀kùn fún un, ó fà á lọ́wọ́, ó ní kó wọlé wá wò ó.