Ẹ Má Tíì Sọ̀ Kalẹ̀

Wálíì kò jẹ́ kí Ruqoyah àti Dásọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó pọ̀. Ó na ọwọ́ dí Ruqoyah lọ́nà, ó fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí ìjókòó tó wà ní òdìkejì, lókè.

“Àǹtí, ẹ dúró de tòkè yẹn. Èrò ò sí lónìí. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó sójú kan, kò ní dọ́gba.”

“Oṣooṣù la máa ń jókòó pọ̀,” ni Ruqoyah wí.

“Oṣooṣù ni èrò máa ń wà.”

Òótọ́ ni. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ Sátidé náà ti lé àwọn ọmọdé sílé, pápá Ilo-Awela sì tutù rinrin. Jáńgílófà ńlá náà nìkan ló dá dúró láàárín ẹrẹ̀: kẹ̀kẹ́ irin gàgàrà kan tí wọ́n so ìjókòó mọ́ etí rẹ̀ yípo, tí jẹnẹrétọ̀ ń yí, tó ń gbé èèyàn ga ju òrùlé ilé alájà méjì lọ, tó sì ń dá a padà síbi tó ti gbé e. Irin rẹ̀ ti gbó. Ṣùgbọ́n Waliyullah, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wálíì, mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò sí i: bí ẹni tó sanra bá jókòó níhìn-ín, ẹni tó tó o gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún.

Ó wo Dásọ́lá láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo Ruqoyah, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Àlàájà Kàfáyá, ìyá arúgbó tó ń ta àwo tánganran lọ́jà Sàngó, tó máa ń dá wá gùn ún lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

“Àlàájà, ẹ bá Àǹtí yìí jókòó. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tó ẹnì kan ṣoṣo yìí.”

“Ṣé oúnjẹ ilé yín ni mo jẹ?” Dásọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó gbàmù débi pé irin náà ké.

Ruqoyah kò rẹ́rìn-ín. Òkè yẹn ló fẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti rò ó láti àná: tí wọ́n bá dé ṣóńṣó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fi ìbínú dìde lọ, yóò sọ fún Dásọ́lá pé òun ti gba iṣẹ́ sítáàfù, iṣẹ́ olówó oṣù.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ ike ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe kásúà. Kásúà kò mọ̀ bóyá òun máa níṣẹ́ lọ́la. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń dúró níwájú géètì, títí ọ̀gá kan yóò fi jáde wá nàka sí àwọn tó fẹ́. Ruqoyah rántí gbogbo rẹ̀. Ó rántí òjò oṣù Kẹfà tó pa wọ́n níbẹ̀, tí wọn kò sì mú ẹnì kankan nínú wọn. Ó rántí ọ̀sán tí ẹ̀rọ tó ń gé etí abọ́ gé e níka, tí wọ́n fún un ní báńdéèjì, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, tí wọn kò sì san owó ọjọ́ náà. Dásọ́lá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Wọn kò san owó tirẹ̀ náà. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣe àdéhùn pé bí wọ́n bá pe ọ̀kan sí sítáàfù, kò ní gbà, àfi bí wọ́n bá pe èkejì.

Èékánná ìka náà kò hù dáadáa mọ́. Lánàá, nígbà tí Ọ̀gá Gbọ́ládé pè é, tó ní àyè ẹnì kan ló wà, ìka yẹn ni Ruqoyah ń wò nígbà tó sọ pé, “Ẹ ṣé, sà.”

Nígbà tí Wálíì kó gbogbo wọn sí i tán, jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù. Ilẹ̀ lọ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Pápá náà kéré, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ, èéfín àwọn ilé iṣẹ́ sì rọra ń gòkè lókèèrè bí ẹni pé kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ wọ abẹ́ híjáàbù Ruqoyah.

“Àwọn ọmọ mi ní ojú ń ti àwọn pé mò ń gun èyí,” ni Àlàájà Kàfáyá wí. “Mo ní kí wọ́n lọ fi ojú wọn pamọ́. Nísàlẹ̀, gbogbo ayé ló ń pè mí: Àlàájà, ẹ wá, Àlàájà, ẹ dín in kù fún wa. Ta ló máa pè mí níbí?”

Bí wọ́n ṣe dé òkè pátápátá, nǹkan kan dún pà! Jáńgílófà náà dúró gbọnyin. Bẹ́líìtì ti já.

“Àǹtí, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ o!” Dásọ́lá, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni Wálíì ń bá sọ̀rọ̀. “Bíréèkì nìkan ò lè mú un. Tí ẹ bá dìde, àwọn tòkè á ré wálẹ̀. Mo fẹ́ sáré lọ mú bẹ́líìtì mìíràn wá.” Ó sáré gba orí ẹrẹ̀ lọ.

Dásọ́lá gbójú sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. “Rúkà! Ṣé o ti ń ka kálímọ̀? Tó o bá ti jí ẹran nínú ọbẹ̀ mi rí, tètè jẹ́wọ́ kó o tó já bọ́!”

Àlàájà rẹ́rìn-ín. Ruqoyah di irin mú. Ẹyin lohùn, kò sì tíì ju ẹyin sílẹ̀ láti ibi tó ga tó báyìí rí.

“Mo ti gbà á.”

“Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè!”

“Iṣẹ́ sítáàfù! Wọ́n pè mí lánàá. Èmi nìkan. Mo ti gbà á.”

Ọkùnrin tó ń sun àgbàdo létí pápá gbójú sókè. Ẹ̀rín ṣá lójú Dásọ́lá.

“Àná,” ó wí. “Àná la jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O fún mi ní ẹ̀pà jẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Dásọ́lá tú ṣéènì iwájú ìjókòó rẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Lókè, irin ké, ìjókòó fì síwájú, Àlàájà sì gbá apá Ruqoyah mú.

“Ọmọ yìí,” ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “ṣé o ò lè dúró kí n sọ̀ kalẹ̀ ná, kó o tó sọ ọ́?”

Ruqoyah kò bẹ̀bẹ̀. Kò rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, àárín orí rẹ̀ ló ń rí, àti ẹsẹ̀ kan tó wà nílẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Dásọ́lá gbé ẹsẹ̀ náà padà pẹ̀lú ẹrẹ̀, ó kọ́ ṣéènì, ó sì di irin mú. Kò wòkè mọ́.

Nígbà tí Wálíì dé, tó so bẹ́líìtì tán, ó bẹ̀ wọ́n. “Ẹ má bínú. Ṣé kí n sọ̀ yín kalẹ̀?”

“Yí i,” ni Dásọ́lá wí. “Mi ò tíì dé òkè.”

Ó yí i. Nígbà tí Ruqoyah dé ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Dásọ́lá nìkan ló rí lókè lọ́hùn-ún. Ruqoyah jókòó jẹ́ẹ́, kò mira, títí Wálíì fi sọ̀ Dásọ́lá kalẹ̀. Ojú Dásọ́lá ti pọ́n, ó sì ti nù ún.

Nígbà tí àwọn méjèèjì rìn dé etí títì, Dásọ́lá kọjú sí Ruqoyah.

“Mò ń bínú o.”

“Mo mọ̀.”

“Lọ́jọ́ Ajé, tó o bá ń kọjá wa wọlé níbi géètì, kí o kí mi. Kí o pe orúkọ mi, kí gbogbo wọn gbọ́.”

Ruqoyah la ẹnu láti bi í pé kí ló dé tí òun ò fi ní kí i. Ó wá rántí àwọn sítáàfù bí wọ́n ṣe máa ń kọjá láràárọ̀, tí wọ́n ń wo ilẹ̀, tí wọ́n ń wo fóònù, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í wo ojú àwọn tó dúró. Ìgbéraga ló ti ń pè é láti ọjọ́ yìí wá. Kò rò ó rí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ orúkọ ẹnì kan láàárín èrò náà, kí ojú sì máa tì wọ́n láti pè é.