Lẹ́tà Tó Ní Èjìká

Ẹ wo ọmọ yìí! Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Aláròyé ni bàbá àgbà rẹ̀ ń pè é. Látìgbà tí wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ránṣọ, ó ti ránṣẹ́ títí pé kí bàbá àgbà wá wo òun. Èsì kan náà ló ń gbà: "Orúnkún mi ò gbà."

Ló bá ní òun máa kọ lẹ́tà tí orúnkún kankan ò ní lè kọ̀.

Ìwé iléèwé kéré jù fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí bébà ńlá kan lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó kọ ọ́ kún, ó tún kọ ọ́ yí etí rẹ̀ ká, ó ká a sínú àpòòwé, ó di ọwọ́ afìwéránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, igbe ta. "Ta ló mú bébà apá aṣọ mi?"

Bàbá àgbà, tó kọ́ àǹtí níṣẹ́, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé bébà yẹn, èyí tí àǹtí máa ń tẹ́ lé aṣọ láti fi gé apá. Ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó ní Sátidé sì ti ní irú apá yẹn gan-an lòun fẹ́.

"Mo... mo fi kọ lẹ́tà sí bàbá àgbà ni."

Àǹtí káwọ́ lérí. "Yéè! O ti fi apá ìyàwó ránṣẹ́!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fojú bu apá mìíràn gé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló wú bí ìrọ̀rí.

Ó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kan ilẹ̀kùn kọ́-kọ́-kọ́. Bàbá àgbà rèé, téèpù lọ́rùn, lẹ́tà lábẹ́ abíyá!

Àǹtí kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n mo ṣí lẹ́tà, mo rí èjìká! Mo ní ha, kí ni wọ́n wá fi ń gé apá níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá àgbà, ẹ ti kà á?"

"Ta ló ráyè wá awò ojú? Ìwọ kà á fún mi."

Bàbá tẹ́ lẹ́tà lé aṣọ funfun, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí i ká. Aláròyé ń yí tábìlì po, ó ń kà á: ti ológbò aládùúgbò, ti eyín tó yọ. Nígbà tó dé ìdí apá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá àgbà, àárò yín ń sọ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan péré."

Bàbá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fà á mọ́ra.

"Ọjọ́ kan kẹ̀? Kí n tún padà lọ́la? Rárá o. Orúnkún mi ò gbà."