Imú Òkè

Òkè ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ilé wa ti di pápá. Wọ́n da amọ̀ bò ó, wọ́n tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn lé amọ̀, wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ lé ọ̀rá, koríko sì hù. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó ń rán èèyàn létí àtijọ́ ni àwọn páìpù tó yọrí láàárín koríko. Imú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n, torí ohun tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ṣì ń mí, gáàsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Bàbá mi ló ń tọ́jú wọn. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́rùn, tó ń ké bí gáàsì bá ti pọ̀ jù níbì kan.

Ọ̀kan nínú àwọn imú yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná wa. Òun ni ọ̀tá ìyá mi, nítorí òórùn rẹ̀.

Ẹ má tètè dá ìyá mi lẹ́bi. Ó ń fọ ilẹ̀ lówùúrọ̀, ó tún ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Bàbá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọṣẹ bá lẹ́nu ni, ì bá ti bẹ̀ ẹ́. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló wá fi ayé rẹ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi àkọ́kọ́ mú ìyá rẹ̀ wá kí wa, obìnrin náà yọ áńkáṣíìfù lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bo imú, kò sì gbé e kúrò títí ó fi dìde. A ò rí wọn mọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìyá mi ló sunkún jù.

Torí náà, nígbà tí ìyá ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ báyìí ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí bàbá mi wà ní òdìkejì pápá, ó ki àkísà bọ páìpù náà, ó fi ọ̀rá wé e lẹ́nu, ó sì so ó pinpin. Òórùn dá wáí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ò jẹ́ kí bàbá mi yẹ páìpù ẹ̀gbẹ́ ilé wò.

Ní Sátidé, orí fífọ́ ni gbogbo wa fi jí. Ìyá mi ní àárẹ̀ ilẹ̀ fífọ̀ ni. Ó ti mú ìṣáná lọ́wọ́, ó fẹ́ dáná, nígbà tí bàbá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kó tó gbé ẹsẹ̀ sí ilé ìdáná, ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ figbe ta.

"Má ṣá iná yẹn o! Ẹ jáde, gbogbo yín!"

A ṣí fèrèsé, a sáré bọ́ sórí koríko. Bàbá mi wo páìpù, ó wo ìyá mi.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Ṣé ká tún jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín ni? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín ò tíì pa ẹnì kankan nílé yìí. Àkísà rẹ ló kù díẹ̀ kó pa wá. Gáàsì tí ò bá ríbi gba òkè jáde, abẹ́ ilẹ̀ ló máa gbà wọlé tọ̀ ẹ́ wá."

Ó nawọ́ sí àkísà náà. Ìyá mi di apá rẹ̀ mú. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àlejò wá kó lọ ná."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni àlejò ti yọ.

"Ẹ kú ilé o! Ah, oòrùn yìí mú. Ẹ jẹ́ ká wọlé." Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi ni bàbá mi ń wò. Bí ìyá mi bá dákẹ́, àlejò á wọlé. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìgbéyàwó mi tún fọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má wọlé, mà," ìyá mi ní. "Gáàsì ti kún ilé. Èmi ni mo dí imú òkè yìí, kẹ́ ẹ má baà gbóòórùn wa."

Ó lọ tú okùn náà fúnra rẹ̀, ó fa àkísà yọ. Òórùn tú jáde bò wá. Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ áńkáṣíìfù. Ìyá mi wolẹ̀. Èmi náà ò lè wò ó.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àlejò ti tẹ́ áńkáṣíìfù náà sórí koríko, ó ti jókòó lé e.

"Ilé wa jìnnà síbí," ó ní, "ṣùgbọ́n ibí náà ni ọkọ̀ ń kó ìdọ̀tí tiwa wá dà látijọ́. Ẹ wá jókòó, ká jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sílé."

Ìyá mi, tí kì í jókòó síbi tí kò bá kọ́kọ́ nù, jókòó tì í lórí koríko.