Ìṣẹ́tí Ọlọ́wọ́ Òsì

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà lórí káàdì àlàyé gáùn kẹtàdínlógún. Wọ́n bu ọdún mẹ́fà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n pe àrán ní ṣẹ́dà. Wọ́n sì kọ ọ́ pé ọ̀gá aránṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́wọ́-Idán ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Méjì àkọ́kọ́, alábòójútó ní kí n tún wọn ṣe. Ẹ̀kẹta ló há wa mọ́lé.

Yàrá ìpamọ́ aṣọ yunifásítì wa kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí, àfi bí alábòójútó bá fi káàdì tó gbé kọ́rùn kàn án. Òtútù ibẹ̀ a máa wọni léegun. Aṣọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn. Oṣù mẹ́rin ni mo ti lò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun àti pẹ́ńsùlù, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú tàdáwà wọlé. Alábòójútó nìkan ló ń fi tàdáwà kọ̀wé. Tèmi ṣeé fi rọ́bà pa rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn káàdì yóò lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo yí ìṣẹ́tí gáùn náà sódì. Ipa abẹ́rẹ́ dà sí apá òdì, bí koríko tí atẹ́gùn fẹ́ lulẹ̀. Níbi tí òwú parí sí, kókó mẹ́ta gun ara wọn. Mo ṣí ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ wò: bákan náà ló rí. Ìyá ìyá mi, ọlọ́wọ́ òsì, ló rán an fún mi.

Ogún ọdún ló fi ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn Ọlọ́wọ́-Idán, níbi tí oníbàárà kì í dé. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ òsì ni ìyá àgbà fi kọ́ ilé ọlá fún ọ̀gá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Mo fẹ́ kó fi ojú náà ka orúkọ ara rẹ̀ kó tó ṣú tán.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí."

Alábòójútó wo gáùn, ó wo síkẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé síkẹ́ẹ̀tì tìrẹ náà fẹ́ gba nọ́ńbà ni?"

"Ọwọ́ kan náà ló rán wọn, sà. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni Ọlọ́wọ́-Idán fi di abẹ́rẹ́ mú nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀."

Ẹ̀rín náà gbẹ. "Ọmọ yìí, mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn ọmọ Ọlọ́wọ́-Idán bá wa ṣe nìyẹn. Bí a bá ní ẹlòmíràn ló rán an, wọ́n á kó àwọn aṣọ wọn kúrò níbí. Ìwọ náà sì ti tọwọ́ bọ̀wé: ohun tí o bá rí níbí, ará ìta kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, àfi tí mo bá buwọ́ lù ú. Dákẹ́, ọmọ mi."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, sà. Ìyá àgbà ti dákẹ́ fún ogójì ọdún."

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bó bá ṣí i, èmi lè jáde, òtítọ́ kò ní lè bá mi jáde. Mo kọjá síwájú rẹ̀, mo sì na káàdì kẹtàdínlógún sí i.

"Pẹ́ńsùlù ni mo ní, sà, ẹ̀yin lẹ ní tàdáwà. Ẹ kọ orúkọ ìyá àgbà mi síbẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn."