Ọkọ Méjì, Ọkọ̀ Mẹ́tàlélógójì

1.

…tó sì fi ránṣẹ́ kó tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ẹ má bi mí pé kí ló wà ṣáájú. Ibi tí mo ti bá a ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí, Ojú-Ọjọ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kì í jáde láìkọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé wo sánmà. Iṣẹ́ tó kọ́ sì bá orúkọ náà mu. Iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó sílẹ̀ kí bàálù tó lè fò ni. Wọ́n á ṣírò epo, wọ́n á wo atẹ́gùn àti òjò, wọ́n á yan ọ̀nà, wọ́n á tún yan pápá kejì tí ọkọ̀ lè balẹ̀ sí bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, páílọ́ọ̀tì ì báà máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní gbéra.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló ní àwọn fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan náà. Inú rẹ̀ dùn, ló bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò fi ti òkè, kò fi ti ìsàlẹ̀. Láàárín ara wọn nílé ẹ̀kọ́, "ọkọ̀" lásán ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ká ní ó kọ "bàálù" ni, n ì bá má ríṣẹ́ ṣe lónìí.

2. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ NÁÀ, BÓ ṢE RÍ

Mama e ku ise. Oko meji lo fe mi. Akoko ni ogoji, ekeji ni meta pere. Eyi to ni ogoji fe ki n sise oru fun odun meji ki n to le fowo si nkankan. Eyi to ni meta ni ki n maa fowo si i lati osu keji. Ojo Eti ni won fe gbo esi. Ewo ni ki n mu?

3. OHUN TÓ NÍ LỌ́KÀN

Ọkọ̀: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú.
Ogójì: bàálù.
Mẹ́ta: bàálù. (Ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yìí. A ó débẹ̀.)
Iṣẹ́ òru: iṣẹ́ òru.
Fọwọ́ sí: ìwé tó ń tú bàálù sílẹ̀.

4. OHUN TÍ ÌYÁ RẸ̀ KÀ

Ọkọ: ọkọ.

5.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Apá ẹ̀wù ló ń rán lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé, bó sì ṣe ń kà á ló ń rán an lọ, títí ó fi rán ẹnu apá ẹ̀wù oníbàárà pa. Ó gbé fóònù, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn méjèèjì kì í tẹ̀wé. Ohùn ni wọ́n fi máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

ÌYÁ: Ṣé o ti rí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ? Ọkọ méjì.
ÀBÚRÒ ÌYÁ: Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ní ogójì yẹn, ogójì kí ni?
ÌYÁ: Ohun tí mò ń bi ọ́ gan-an nìyẹn.
ÀBÚRÒ ÌYÁ: Bóyá ọjọ́ orí ni.
ÌYÁ: Bí ogójì bá jẹ́ ọjọ́ orí, ti ẹnìkejì ń kọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ?
ÀBÚRÒ ÌYÁ: A jẹ́ pé ìyàwó ni.
ÌYÁ: Ogójì ìyàwó.
ÀBÚRÒ ÌYÁ: Ó tún ní mẹ́ta "péré". Péré ló kọ síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ojú ọmọ yìí ti là jù.

6.

(Ìkẹfà sọnù. Ohun tí àbúrò ìyá sọ nípa ẹni tó ní ogójì ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ kà á.)

7.

Láti ibí yìí lọ, n ó máa pe ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ogójì. Lẹ́tà wọn nìyí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn, gbogbo àmì ló pé lórí rẹ̀:

"Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé a ti yàn yín sí ipò Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ Kékeré ní Ẹ̀ka Ìṣètò Ìrìn Ọkọ̀. Ẹ ó máa ka iye àpótí fún ẹni tó ń kà á fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó gba aṣọ iṣẹ́, bàtà, àti káàdì tó ń ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rin nínú mọ́kànlá. Lẹ́yìn ọdún méjì, a ó yẹ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí wò."

Ojú-Ọjọ́ lọ wò wọ́n, ó sì fẹ́ràn ibẹ̀. Yàrá náà tutù, ẹ̀rọ tíì wà ní kọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé ohùn sókè. Ìyá ẹni á lè fi irú ibẹ̀ yangàn.

8.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré ni n ó máa pè ní Ọ̀gá Mẹ́ta. Òun kò kọ lẹ́tà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi ránṣẹ́:

Omo mi wa bere ni ojo Aje. Aga wa. Tabili n bo.

Inú kọ̀ńténà kan létí pápá ni ọ́fíìsì wọn wà. Ọ̀gá náà ló ń gba owó, òun ló ń gbé àpò èrò, òun náà ló sì ń lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà bàálù. Ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tí èèyàn ń báni sọ̀rọ̀ látòdìkejì odò. Lọ́jọ́ tí Ojú-Ọjọ́ lọ síbẹ̀, ó na ìwé ojú ọjọ́ ọjọ́ náà sí i, ó ní bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe? Ó sọ ọ́. Ọ̀gá náà mi orí. Ní Ogójì, kò sẹ́ni tó bi í léèrè èrò rẹ̀ lórí ohunkóhun àfi ìwọ̀n bàtà.

Ó fẹ́ràn ibẹ̀ náà. Ìyọnu rẹ̀ nìyẹn.

9.

Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan wà tí atẹ́gùn ń ṣí òrùlé, tí olùkọ́ rẹ̀ kọ̀ tí kò fọwọ́ sí ìwé. Páílọ́ọ̀tì wá, ó bínú. Èrò bínú. Ẹni tó ni ọkọ̀ pè, ó bínú ju gbogbo wọn lọ. Olùkọ́ náà ní rárá, ó sì ń bó ọsàn rẹ̀ lọ. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, ó nu ọwọ́, ó fọwọ́ sí i, gbogbo wọn sì dé ibi tí wọ́n ń lọ ní àlàáfíà.

Ohun tí Ojú-Ọjọ́ fẹ́ láyé nìyẹn. Ẹ̀rù tó sì ń bà á ni pé òun kì í lè sọ rárá fún ẹni tó bá pariwo. Bàtà tó wọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ méjèèjì fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pinpin. Ó rà á nítorí pé oníbàtà pariwo. Bó bá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ kan nítorí ariwo, èèyàn ló máa wà nínú bàálù yẹn, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀.

10. ÌPÈ. ÌYÁ LÓ PÈ.

ÌYÁ: Mi ò ní pariwo.
ÒUN: Ẹ ṣé, Màámi.
ÌYÁ: Ẹni tó ní ogójì yìí, ṣé ó mọ orúkọ gbogbo wọn?
ÒUN: Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, Màámi.
ÌYÁ: Nọ́ńbà.
ÒUN: Wọ́n kọ ọ́ sí wọn nídìí.
ÌYÁ: Ẹni tó ní mẹ́ta ń kọ́?
ÒUN: Ọ̀kan nínú wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti tú u. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún àwọn méjì tó kù ṣe.
ÌYÁ: Jẹ́ n jókòó.
(Ìró àga.)
ÌYÁ: Ọmọ mi, ayé ti yí, mi ò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Tí o bá ní rárá, èwo nínú wọn ló máa gbọ́?
(Ìró bàtà tó bọ́ sílẹ̀.)
ÌYÁ: Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?
ÒUN: Mi ò bi wọ́n, Màámi.
ÌYÁ: O ka ogójì, o ka mẹ́ta. Èyí tó ṣe pàtàkì, o ò bi wọ́n.
ÒUN: Màámi, bàálù ni.
ÌYÁ: Kí ni bàálù?
ÒUN: Ọkọ̀. Ọkọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ ni wọ́n fún mi.
ÌYÁ: Àwọn bàálù ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí nídìí.
ÒUN: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
ÌYÁ: Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ò yí padà.

11.

Àbúrò ìyá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ìyẹn gbogbo èyí tó wà nínú ìkẹfà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wa akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun sọ rárá, nítorí táyà tó ti fẹ́ fà ya, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà gan-an. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

12. SÍ OGÓJÌ. SÍ Ọ̀GÁ MẸ́TA.

Ẹ káàárọ̀ o. Lọ́jọ́ tí mo bá ní kí ọkọ̀ má gbéra, ṣé ẹ ó gbọ́?

(Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá àmì. Ó tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí àmì rẹ̀ fi yọjú. Àtàǹpàkò dùn ún.)

13. ÈSÌ OGÓJÌ

"A dúpẹ́ fún ìbéèrè yín. Ní ipò tí a yàn yín sí, ìbéèrè yìí kò tíì kàn yín. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ẹ bá ní rárá, rárá ni. Ojú-ewé kan wà fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì kọjá."

14. ÈSÌ Ọ̀GÁ MẸ́TA

A o gbo.

15. BÍ A ṢE LÈ KÀ Á

A ó gbọ́. (Ìyá ló kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ òun kò ní dití sí i.)
A ò gbọ́. (Àbúrò ìyá. Ó ní òun mọ àwọn ọ̀gá.)
A ò gbọ́, ìyẹn ni pé ìbéèrè náà ò yé wọn. (Ojú-Ọjọ́ fúnra rẹ̀.)
A ó gbó, bí ajá. (Èmi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.)

Gbogbo wọn jókòó ti lẹ́tà o kan ṣoṣo yẹn láti àárọ̀. Wọ́n sún fóònù mọ́jú, wọ́n sún un sẹ́yìn, àbúrò ìyá tilẹ̀ nu ojú fóònù bóyá àmì wà lábẹ́ eruku. Ọjọ́bọ̀ ni. Ìyá ní kí ló dé tí wọ́n ń wo ohun tí èèyàn lè bi ẹni tó kọ ọ́. Ó ní kó pè é.

Ojú-Ọjọ́ kò fẹ́ pè é. Ohùn ọkùnrin yẹn le, òun náà sì mọ ara rẹ̀. Ó pè é.

16. ÌPÈ. ÒUN LÓ PÈ.

Ọ̀GÁ MẸ́TA: Ta nìyẹn? Mo wà lórí pápá, ọkọ̀ kan fẹ́ gbéra.
ÒUN: Èmi ni, sà. Mo bi yín ní ìbéèrè kan.
Ọ̀GÁ MẸ́TA: Mo ti fèsì.
ÒUN: Ẹ ò fi àmì sí i, sà.
Ọ̀GÁ MẸ́TA: Àmì kí ni?
ÒUN: Èyí tó yẹ kó wà lórí lẹ́tà o. Mo ní bí mo bá ní rárá, ṣé ẹ ó gbọ́?
Ọ̀GÁ MẸ́TA: Mo ní A ▓▓▓▓▓▓▓ gbọ́!

(Bàálù ló kọjá. Ibi tó yẹ kí lẹ́tà o wà, ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀.)

Ọ̀GÁ MẸ́TA: ṢÉ Ó TI YÉ Ọ BÁYÌÍ? ṢÉ KÓ PARÍ SÍBẸ̀?

(Ìyá ń wò ó. Àbúrò ìyá ń wò ó. Ojú-Ọjọ́ ti la ẹnu láti sọ pé ó ti yé òun.)

ÒUN: Rárá, sà. Ẹ tún un sọ.